Àkọsílẹ̀ Ìpàdé Àtijọ́ Kò Tó Fi Yan Agbábọ́ọ̀lù

Láti ọwọ́ òǹkọ̀wé eré ìdárayá wa ní Minna

Láàárọ̀ Sátidé ní Minna, láti Bosso dé Tunga títí dé Kpakungu, iṣẹ́ kan náà ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń to tíkẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUT Minna, ń pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù nínú Fantasy Premier League kí àkókò tó pé, nítorí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ṣáájú ìdíje àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn. Ọ̀nà wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ojú ìwé kan wà tí tọ̀tún tòsì wọn máa ń ṣí lórí fóònù, èyí tí wọ́n kọ H2H sí lórí. Ìlà márùn-ún ló sábà máa ń wà níbẹ̀: ọjọ́ tí ikọ̀ méjèèjì pàdé, iye ayò, àti àwọ̀ ewé tàbí pupa tó ń fi ẹni tó borí hàn. Bí àwọ̀ ewé bá ti tò tẹ̀léra ní mẹ́rin, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. "Oníbàárà wọn ni wọ́n." Ikọ̀ yẹn di bánkà lójú ẹsẹ̀, atamátàsé rẹ̀ sì di kápútẹ́ẹ̀nì.

Àṣà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà tó ń ta púùlù ti ń kó èsì pamọ́ láti ọdún dé ọdún, tí wọ́n ń wò bóyá nọ́ńbà tó ta ọ̀mì ní irú ọ̀sẹ̀ yìí lọ́dún tó kọjá yóò tún ta ọ̀mì. Fóònù ló kàn mú un rọrùn. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí fóònù náà ń fi hàn, H2H ló yẹ kí èèyàn gbọ́ tirẹ̀ gbẹ̀yìn. Òótọ́ ni ohun tó wà níbẹ̀, àmọ́ kò lágbára tó iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé kà á lórí.

Ọ̀rọ̀ Mohamed Salah àti Manchester United ló fi èyí hàn jù, nítorí kò sí ẹni tó ń ṣe Fantasy tí kò gbà pé oníbàárà Salah ni United. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ó jẹ góòlù mẹ́ta sí wọn ní Old Trafford, ayò 5-0 sì ni Liverpool fi borí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ó tún jẹ méjì nínú ayò 7-0 ní Anfield. Láti ìgbà náà, bí ọ̀sẹ̀ United bá ti dé báyìí, ọwọ́ á ti sáré sórí orúkọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọdún 2017 ni Salah dé Liverpool. Ní sáà àkọ́kọ́ yẹn, góòlù 32 ló jẹ nínú líìgì. Ó bá United pàdé lẹ́ẹ̀mejì nínú líìgì ní sáà náà, kò jẹ ẹyọ kan. Ní sáà tó tẹ̀lé e, ó tún bá wọn pàdé lẹ́ẹ̀mejì, òfo ló tún jẹ́. Ẹni tó bá ṣí àkọsílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020 yóò rí ìdíje mẹ́rin tí kò sí góòlù kankan nínú wọn, yóò sì fi gbogbo ẹnu sọ pé United ti mọ bí wọ́n ṣe ń dè é mọ́lẹ̀. Ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún náà ló jẹ góòlù àkọ́kọ́ sí wọn, nínú ìṣẹ́jú àfikún. Láàárín ọdún mẹ́ta péré, ẹni tí àkọsílẹ̀ ní kò lè rí United ṣe di ẹni tí àkọsílẹ̀ ní kó máa fi wọ́n ṣeré.

Kí ló wá yí padà? Salah tó ń sáré láti apá ọ̀tún, tó ń fi ẹsẹ̀ òsì gbá a, ni Salah títí dòní. United ni kì í ṣe United àná mọ́. José Mourinho, tó máa ń kó àwọn èèyàn rẹ̀ jọ síwájú ilé nígbà tó bá ń bá Liverpool gbá, ni wọ́n lé lọ ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2018, ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìgbà tí Liverpool nà wọ́n ní 3-1. Ní ọjọ́ tí wọ́n jẹ ìyà 5-0, ṣe ni United ń sáré gòkè lọ ká Liverpool mọ́, tí ẹ̀yìn wọn sì wà gbayawu. Orúkọ ikọ̀ tó wà lójú ìwé kò yí padà, ṣùgbọ́n akọ́nimọ̀ọ́gbá ti yí, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ti yí, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbá bọ́ọ̀lù náà ti yí. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ta ni Salah kì í jẹ góòlù sí? Bó bá jẹ ẹ́ sí United, ohun tó pọ̀ jù tí ìyẹn ń sọ ni pé ó mọ bọ́ọ̀lù í gbá, àwọn ikọ̀ yòókù sì ti jẹ́rìí sí ìyẹn tipẹ́.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tú ọ̀rọ̀ yìí wò jinlẹ̀ jù lọ, nínú eré baseball. Eré náà kò wọ́pọ̀ ní Minna, ṣùgbọ́n kò ṣòro láti lóye. Ẹnì kan ń ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì di igi mú láti fi gbá a. Àwọn méjèèjì nìkan ló dojú kọ ara wọn, nítorí náà ó rọrùn láti kọ ọ́ sílẹ̀: ìgbà mélòó ni wọ́n ti pàdé, ìgbà mélòó sì ni onígi yìí rí i gbá dáadáa. Láti ìgbà tí FanDuel ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009, tí DraftKings sì tẹ̀lé e ní ọdún 2012, àwọn èèyàn ń fi owó yan onígi lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ wọn sì ń gbára lé irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní lágbájá ti gbá ajubọ́ọ̀lù yìí lẹ́ẹ̀mẹrin nínú mẹ́wàá, ó di dandan kó wọ ikọ̀ àwọn lónìí.

Bí ìtàn ìpàdé àtijọ́ bá máa wúlò níbikíbi, inú eré yìí ló yẹ kó ti wúlò, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó ń dá sí i láàárín àwọn méjèèjì. Tom Tango, Mitchel Lichtman àti Andrew Dolphin yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé wọn tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní The Book, tí Potomac Books tẹ̀ jáde ní ọdún 2007. Wọ́n ṣa àwọn onígi tó ti fi ajubọ́ọ̀lù kan ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọdún mélòó kan, wọ́n wá wo ohun tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n tún pàdé. Wọ́n padà sí bí wọ́n ṣe máa ń gbá a fún gbogbo èèyàn. Àwọn tí ajubọ́ọ̀lù kan ti fìyà jẹ tẹ́lẹ̀ náà padà sí ipò wọn.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Onígi tó mọ níwọ̀n máa ń rí i gbá ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin. Bí ọgọ́rùn-ún irú wọn bá bá ajubọ́ọ̀lù kan pàdé nígbà mẹ́wàá mẹ́wàá, nǹkan bí 22 nínú wọn ni yóò gbá mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìjẹ́ pé wọ́n ní ọgbọ́n kankan tó ju ti àwọn yòókù. Ikọ̀ 30 ló wà nínú líìgì ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ni àwọn onígi wọn. Lọ́jọ́ tí gbogbo ikọ̀ bá gbá, onígi 270 ni yóò jáde. Ká ní gbogbo wọn ti pàdé ajubọ́ọ̀lù ọjọ́ náà nígbà mẹ́wàá rí, nǹkan bí 60 ni yóò dà bí ọ̀gá rẹ̀ lórí ìwé. Ọgọ́ta bánkà lójúmọ́ kan, orí ló sì ṣe gbogbo rẹ̀! Bí ìgbà mẹ́wàá bá kéré báyìí fún ẹni méjì tó dojú kọ ara wọn, kí ni ìlà márùn-ún fẹ́ sọ nípa agbábọ́ọ̀lù méjìlélógún, tí ọ̀pọ̀ wọn kò sí lórí pápá nígbà tó kọjá?

Nàìjíríà àti Ajẹntínà ti pàdé lẹ́ẹ̀marùn-ún ní Ife Àgbáyé, ní 1994, 2002, 2010, 2014 àti 2018. Ajẹntínà ló borí nínú gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú àlékún góòlù kan ṣoṣo nígbàkúùgbà: 2-1, 1-0, 1-0, 3-2, 2-1. Ẹni tó bá wo ìlà márùn-ún yìí yóò ní èpè ni. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà ló na Ajẹntínà ní 3-2 láti gba wúrà Òlíńpíìkì ọdún 1996. Nàìjíríà tún nà wọ́n ní 4-1 ní Àbújá ní oṣù Kẹfà ọdún 2011, ó sì nà wọ́n ní 4-2 ní Krasnodar ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, nígbà tí Messi kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méje, Messi wà níbẹ̀ ní St Petersburg, òun ló sì kọ́kọ́ jẹ góòlù. Ta ló wọ pápá lọ́jọ́ náà ni ọ̀rọ̀ wà.

Èyí tó ṣì ń dun ọmọ Nàìjíríà jù ni ti Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà tó wáyé ní Ivory Coast. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 2024, Super Eagles na àwọn onílé ní 1-0 nínú ìpele ìsọ̀rí, pẹ̀lú pẹ́nárítì William Troost-Ekong. Àwọn méjèèjì tún pàdé nínú àṣekágbá ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì, kò tíì pé oṣù kan. Àkọsílẹ̀ wo ló lè tuntun jùyẹn lọ? Ṣùgbọ́n láàárín ìgbà náà, Ivory Coast ti lé Jean-Louis Gasset lọ, wọ́n sì ti fi Emerse Faé rọ́pò rẹ̀. Troost-Ekong ló tún kọ́kọ́ gbá a sáwọ̀n, Franck Kessié dá a padà, Sébastien Haller sì jẹ èyí tó gba ife lọ́wọ́ Nàìjíríà. Ẹni tó fi èsì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn to tíkẹ́ẹ̀tì kò rí nǹkan gbà.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ̀rù ló ń ṣiṣẹ́, pé ikọ̀ mìíràn wà tí ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù kì í gbé e bó bá ti rí aṣọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí tọ́ sí ìdáhùn, nítorí àwọn tó ń sọ ọ́ mọ bọ́ọ̀lù. Wọ́n á tọ́ka sí Kamẹrúùnù, tó na Nàìjíríà nínú àṣekágbá ọdún 1984, 1988 àti 2000. Ẹ̀rù lè wà lára ẹni tó wà níbẹ̀. Kì í bá aṣọ lọ sára ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà náà. Ní ọdún 2004, 2019 àti 2024, ìgbà mẹ́ta tí wọ́n tún pàdé ní ìpele komẹsẹ̀-ó-yọ nínú ìdíje kan náà, Nàìjíríà ló borí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ademola Lookman tó jẹ góòlù méjèèjì ti 2024 ṣì jẹ́ ọmọ ọdún méjì nígbà àṣekágbá 2000.

Ìtàn tó wúlò ni èyí tó ní ìdí. Nínú baseball, onígi tó ń fi ọwọ́ òsì gbá a máa ń rí bọ́ọ̀lù ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jù ú dáadáa ju ti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ọlọ́wọ́ òsì lọ; ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìpàdé ló fi èyí hàn, ìdí rẹ̀ sì hàn sójú. Nínú bọ́ọ̀lù tiwa, Stanley Nwabali mú pẹ́nárítì méjì nígbà tí Nàìjíríà na South Africa ní sẹmi-fáínà ọdún 2024. Chippa United ti South Africa ló ń ṣọ́lé fún nígbà náà, nínú líìgì kan náà tí àwọn tó gbá a fún un ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ibi tí ẹnì kan máa ń gbá pẹ́nárítì sí fún gbogbo aṣọ́lé ni ìmọ̀ tó ṣe é lò, ó sì sàn ju ìgbà kan ṣoṣo tó bá aṣọ́lé yìí pàdé lọ.

Ìdí tún wà nínú pápá. Ẹ wo Niger Tornadoes wa, tó gba Challenge Cup ní ọdún 2000. Nínú líìgì Nàìjíríà, onílé ló sábà máa ń borí. Bí ẹnì kan bá ṣí H2H Tornadoes àti ikọ̀ mìíràn, tó rí ewé, pupa, ewé, pupa, ibi tí wọ́n ti gbá a ló ń kà, kì í ṣe ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù. Ìgbà kan sì wà tí Tornadoes ń gba àlejò ní Lokoja dípò pápá Bako Kontagora. Ojú ìwé yẹn ṣì kọ ọ́ pé ilé ni. Ẹni tó ń gbé ní Minna mọ̀ pé Lokoja kì í ṣe ilé Tornadoes. Fóònù kò mọ̀.

Ewu tó wà níbẹ̀ ju àìmọ̀kan lọ. Ẹni tó ń ṣe Fantasy lè pàdánù ipò, ìyẹn kò burú jù, nítorí ọ̀fẹ́ ni eré náà. Ti tíkẹ́ẹ̀tì ló gbẹgẹ́. Ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ náà ń wo H2H, wọ́n sì ti yọ ọ́ kúrò nínú owó tí wọ́n máa san kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kan fóònù. Ohun tí ìlà ewé mẹ́rin ń ṣe ni pé ó ń fi ọkàn ẹni balẹ̀ láti tún fi ìdíje kan kún un. Bí ìdíje mẹ́wàá bá wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dáa débi pé mẹ́jọ nínú mẹ́wàá irú rẹ̀ máa ń wọlé, kí gbogbo wọn wọlé pọ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Owó oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé fi ń tẹ̀lé ìgboyà yẹn.

Àwọn tó ń ka èsì àtijọ́ lórí rédíò láàárọ̀ Sátidé ní iṣẹ́ láti ṣe lórí èyí. Bí wọ́n bá ti sọ pé lágbájá ti na tàmẹ̀dù lẹ́ẹ̀mẹrin, kí wọ́n sọ mọ́ ọn ta ni akọ́nimọ̀ọ́gbá nígbà náà, pápá wo ni wọ́n ti gbá a, àti agbábọ́ọ̀lù mélòó ló ṣì kù nínú ikọ̀ méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń yan agbábọ́ọ̀lù, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ ìdíje, ẹni tó ń gbá pẹ́nárítì, iye ìṣẹ́jú tó ti gbá ní oṣù yìí, àti bí ẹ̀yìn ikọ̀ tó máa bá pàdé ṣe rí lónìí. Bí àyè bá ṣì kù lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè wá ṣí H2H.