Ilé fún Ẹyẹ lórí Òrùlé ní Àpápá

Ẹni tí ó bá la Marine Road àti Park Lane kọjá ní Àpápá GRA yóò rí i pé ọ̀pọ̀ ọgbà tí ó wà níwájú ilé wọnnì nígbà kan rí ti di ilẹ̀ kọnkéré. Láti ìgbà tí a ti parí èbúté ọkọ̀ ńlá ibẹ̀ ní 1926 ni òwò ti ń pọ̀ sí i. Àwọn ilé iṣẹ́ gba ilé ìgbé, ọkọ̀ akẹ́rù ń wá àyè ìdúró, a sì ń gé igi láìgbin òmíràn dípò rẹ̀. Nítorí náà ni inú wa ṣe dùn sí àwọn tí ń gbin ẹ̀fọ́ àti ata sínú garawa lórí òrùlé pẹrẹsẹ, tí wọ́n sì ń fẹ́ kí ẹyẹ wá bá wọn gbé. Ìfẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà ṣe é kò tọ̀nà lójú wa: wọn a ra àwo oúnjẹ, wọn a da àgbàdo sí i, wọn a sì rò pé iṣẹ́ parí. Èrò tiwa ni pé omi àti ewéko ni kí ó ṣáájú, kí àpótí tẹ̀lé e, kí oúnjẹ sì kẹ́yìn, bí ó bá tilẹ̀ yẹ kí ó wà rárá.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ lè wí pé, Kí ni ti ẹyẹ? Olè ni ẹ̀ga nínú oko àgbàdo àti ìrẹsì. Òtítọ́ ni, a kò sì ní bá yín jiyàn. Síbẹ̀, ológoṣẹ́ tí ń ṣa hóró koríko jẹ, kòkòrò ni ó fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀, kòkòrò náà ni ìbá sì jẹ ewé tẹ̀tẹ̀ yín.

Kì í ṣe gbogbo ẹyẹ ni ó ń wọ inú àpótí. Ẹ̀ga kò jẹ́ wọ̀ ọ́. Oníṣẹ́ ọnà ni òun, imọ̀ ọ̀pẹ ni ó ń ya láti hun ilé tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń fẹ́ ẹ, kí ó dá ọ̀pẹ sí. Alápàńdẹ̀dẹ̀ ń fi ẹrẹ̀ mọ ilé sábẹ́ etí òrùlé. Kí a má fi igi wó o ni gbogbo ohun tí ó ń bẹ̀ wá. Ológoṣẹ́ ni ó ń wá ihò. Àwọn méjèèjì yìí ni Orin Dáfídì 84 dárúkọ, àwọn tí ó bá sì ń kà á mọ̀ pé wọn kì í jìnnà sí ibùgbé ènìyàn.

Bí ẹ bá fẹ́ kan àpótí fún ológoṣẹ́, kí ìsàlẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15 ní òró àti ní ìbú, kí ihò rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 32. Ẹ má ṣe kan igi ìdúró síwájú ihò náà: ẹyẹ kò ní í fi ṣe nǹkan kan, ológbò àti kannakánná ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀. Páànù kò dára, nítorí oòrùn ọ̀sán yóò se àwọn ọmọ inú rẹ̀ bí ẹni se ẹyin. Pákó ìrókò ń pẹ́. Arère fúyẹ́, ṣùgbọ́n òjò a máa tètè jẹ ẹ́. Ẹ lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ kí omi lè máa jò jáde, kí ẹ sì kọ ojú àpótí sí ìlà-oòrùn tàbí àríwá, nítorí láti ìhà òkun ni ìjì ti ń gbé òjò Òkúdù wá.

Ẹni tí kò ní owó pákó ńkọ́? Akèrègbè ńbẹ. Ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà àwọn onílẹ̀ àtijọ́ ni a ti ń so akèrègbè ròó fún irú alápàńdẹ̀dẹ̀ kan, títí ó fi jẹ́ pé lónìí, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà, inú ilé tí ènìyàn pèsè nìkan ni ẹyẹ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ń pamọ sí. Ohun tí ń hù lẹ́yìn ilé wa ni, a sì ń jù ú nù.

Ní ti omi, àwo amọ̀ tí kò jìn ju ìka méjì lọ tó. Kí a dà á nù lójoojúmọ́, kí a sì fọ̀ ọ́, nítorí omi tí ó bá dúró tó ọ̀sẹ̀ kan lè di ilé ẹ̀fọn.

Oúnjẹ ni a bẹ̀rù jù. Hóró tí ó bá ṣẹ́kù di alẹ́, eku ni yóò jẹ ẹ́, eku náà kì yóò sì padà sílé rẹ̀ mọ́. Ẹ̀pà tí ó bu burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní 1960, ju 100,000 tòlótòló lọ ni ó kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí oúnjẹ ẹ̀pà tí ó bu. Ẹni tí ó ń sin adìyẹ kò gbọdọ̀ kó ẹyẹ ìgbẹ́ jọ sí ẹ̀gbẹ́ àgò rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àìsàn adìyẹ tí ó kọ́kọ́ fara hàn ní Áfíríkà ní ilẹ̀ wa yìí ní 2006. Ìbẹ́pẹ tí ó pọ́n lórí igi sàn ju àwo hóró lọ. Ata wẹ́wẹ́ pẹ̀lú dára, nítorí títa ata kò kan ẹyẹ rárá.

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ òwìwí díẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan yóò fajú ro. Ẹyẹ àjẹ́ ni a ń pè é, a sì ń sọ ọ́ lókùúta; bẹ́ẹ̀ ni òun ni ọdẹ eku tí kì í gba owó. Ní Màléṣíà, níbi tí ọ̀pẹ tí ó ti Áfíríkà lọ ti di oko ńlá, àwọn olóko ń kan àpótí gbàǹgbà fún òwìwí kí ó lè máa jẹ eku tí ń ba ẹyìn jẹ́. Olóko ọ̀pẹ ilẹ̀ wa ìbá dán an wò. Ṣùgbọ́n májèlé eku àti òwìwí kò lè jọ gbé: ẹni tí ó bá ń lo ọ̀kan, kí ó fi èkejì sílẹ̀. Bákan náà ni oògùn dichlorvos tí a ń fọ́n sórí ẹ̀fọ́, èyí tí àjọ NAFDAC ti fi òfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ ní 2019. Kòkòrò tí ó bá jẹ ẹ́ ni ológoṣẹ́ yóò gbé fún ọmọ rẹ̀.

Kí a tó gbé erùpẹ̀ gun òkè, kí a bi ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ilé léèrè bóyá òrùlé náà lè rù ú, nítorí erùpẹ̀ tí òjò rin wúwo púpọ̀.

Ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí òrùlé pẹrẹsẹ kò ti wọ́pọ̀, akèrègbè kan lábẹ́ etí òrùlé tó. Kí a so ó ga kọjá ibi tí ológbò lè fò dé, kí a sì gbọn pàǹtírí inú rẹ̀ dànù nígbà tí àwọn ọmọ ẹyẹ bá ti fò lọ.