Ọmọ Yín Ti Gboyè Nọ́ọ̀sì: Ẹ Jẹ́ Kí Ó Parí Ọdún Ìkọ́ṣẹ́ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ti ọ̀sẹ̀ yìí kan gbogbo ilé tí ọmọbìnrin wọn ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní yunifásítì. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Bí ọmọ bá jáde, tí ó sì yege nínú ìdánwò ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, ẹbí a pa àgbò, wọn a ní, “Ó parí.” Kò tíì parí o. Ọdún kan ṣì kù tí yóò fi ṣiṣẹ́ ní ọsibítù lábẹ́ ojú àwọn àgbà, èyí tí wọ́n ń pè ní íńtánṣíìpù, kí ó tó lọ ṣe iṣẹ́ àgùnbánirọ̀.

Àwọn òbí a máa bi wá ní mọ́sálásí pé, “Kí ni ó tún kù láti kọ́ lẹ́yìn ọdún márùn-ún?” Ìbéèrè tí ó dára ni. Ẹni tí ó ka bí a ti ń gé aṣọ nínú ìwé kò tíì di télọ̀. Bí télọ̀ bá sì ba aṣọ jẹ́, owó lè ra òmíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀mí kò ní ìpààrọ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìwé ẹ̀rí ni aṣọ. Ohun tí ojú ti rí ni àkísà.

Láyé àtijọ́, inú ọgbà ọsibítù ni ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì máa ń wà, wọ́ọ̀dù ni ọmọ ń jí sí. Ní 1965 ni Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ọmọ yunifásítì náà ń lọ sí wọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n kíláàsì ni ó gba púpọ̀ nínú àkókò rẹ̀. Ọdún ìkọ́ṣẹ́ ni ó ń so ìwé mọ́ ọwọ́.

Nínú ọdún náà, wọn yóò máa gbé e láti wọ́ọ̀dù kan dé òmíràn: ti àwọn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ti ọmọdé, ti aláboyún, àti ibi tí a ń gbé ẹni tí jàǹbá ṣe lọ. Kí ó tó fún ènìyàn ní oògùn, yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá aláìsàn náà gan-an nìyí, bóyá oògùn rẹ̀ nìyí, bóyá ó pé ìwọ̀n, bóyá àkókò tó, bóyá ẹnu tàbí abẹ́rẹ́ ni. Yóò fọ ọwọ́ kí ó tó kan aláìsàn àti lẹ́yìn tí ó bá kàn án. Ọmọ tí ó mọ àlùwàlá kò gbọdọ̀ rí èyí bí wàhálà. Ìwé ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ya lẹ́yìn ìbímọ a máa pa ìyá. Ṣùgbọ́n òru kan tí ó bá dúró ti àgbà nọ́ọ̀sì, tí ó rí i bí ó ti ń tẹ ikùn ìyá ọmọ wò, tí ó ń wo iye aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ rin, ni yóò kọ́ ọ pé kò sí àyè ìjáfara.

Àwọn bàbá kan kò fẹ́ iṣẹ́ òru, wọn kò sì fẹ́ kí ọmọ wọn tọ́jú ọkùnrin. Ẹ rántí Rufayda, sàhábà obìnrin ní Mẹ̀dínà. Nígbà Ogun Kòtò, ní ọdún 627, ọfà ba Sahd ọmọ Muhadh. Ànábì wa, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ni ó ní kí wọ́n gbé e sí àgọ́ Rufayda nínú mọ́sálásí, kí ó máa tọ́jú rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ àbùkù, a kì bá tí pa àgọ́ rẹ̀ sí mọ́sálásí.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn wa.

Èkínní, kí ọmọ wádìí pé ìgbìmọ̀ náà fọwọ́ sí ọsibítù tí ó fẹ́ lọ, kí ọdún rẹ̀ má baà di asán.

Èkejì, bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá wà nílẹ̀, ẹ sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ òru fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kí wọ́n tó so yìgì. Ẹ má yọ ọmọ kúrò lágbedeméjì.

Ẹ̀kẹta, ẹ bá a wá ilé sí ìtòsí ọsibítù. Bí ó bá ti òru dé, ẹ má rán an lọ sí ọjà. Ẹ jẹ́ kí ó sùn. Ẹni tí oorun ń kùn lè ṣi oògùn kà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má jẹ́ kí aládùúgbò sọ pálọ̀ yín di ọsibítù. Ọmọ tí ó ṣì wà lábẹ́ àgbà kò gbọdọ̀ dá nìkan máa gún abẹ́rẹ́ kiri àdúgbò.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má bi í léèrè ẹni tí ó rí ní wọ́ọ̀dù àti ohun tí ó ń ṣe é. Àṣírí aláìsàn jẹ́ ohun tí a fi ṣọ́ ọ.

Ìwọ ọmọ mi obìnrin, ohun tí o kò bá mọ̀, béèrè. Bí o bá ṣèèṣì, sọ fún àgbà lójú ẹsẹ̀, bí ó tilẹ̀ máa bá ọ wí níwájú ènìyàn. Ìtìjú á lọ, ṣùgbọ́n àṣìṣe tí a bò mọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀mí. Ọlọ́hun rí ọ ní òru tí mẹ́tíróònù kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ti fi sùúrù ọdún márùn-ún rán ọmọ níwèé. Ẹ fi ọdún kan sí i. Aláìsàn tí yóò gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé e lọ́wọ́ lọ́la lè jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ọwọ́ àwọn ọmọ wa. Àmín.