Ẹ má ti yàrá iná mọ́ àwọn alárùn awọ ara

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín tó ní, nígbà tí kòrónà ń jà ní 2020 yìí, kí àwọn ọsibítù ti yàrá tí wọ́n ti ń fi ìtànṣán iná tọ́jú awọ ara pa, torí pé ọ̀rọ̀ ẹwà lásán ni. Ó ní kí àwa tó ń gbé etí òkun máa yá oòrùn, ọ̀fẹ́ ni. Mi ò fara mọ́ ọn rárá.

Àbúrò mi obìnrin ń yan gàrí ní Iworo níbí, ní agbègbè Àgbádárìgì. Àrùn awọ ara tí wọ́n ń pè ní psoriasis ló ń bá a jà. Làpálàpá ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, wọ́n sì ń sá fún un, bẹ́ẹ̀ kì í ràn. Awọ ìgúnpá rẹ̀ nípọn, ó ń bó funfun, ó sì máa ń là. Bó bá na apá láti ro gàrí nínú agbada, ẹ̀jẹ̀ á yọ. Ṣé ẹwà nìyẹn?

Nínú yàrá iná, wọ́n á fi awò dúdú bo ojú rẹ̀, á wọ inú àpótí gíga tí gúlóòbù gígùn tò yí ká, nọ́ọ̀sì á sì ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó máa lò. Díẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa bù kún un, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Oòrùn ò mọ ìwọ̀n ní tirẹ̀. Bó bá jó awọ alárùn yìí, ojú ibi tó jó gan-an ni òmíràn lè ti yọ.

Béèyàn bá pa á jẹ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, wọ́n sábà máa ń tún un bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀ ni. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, 2020, tí Ààrẹ Buhari ti sé Èkó mọ́lé torí kòrónà di ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún tí wọ́n dẹ òfin náà, ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni; ẹni tí kò rí iná lò láàárín ìgbà yẹn á tún bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àṣẹ ìsémọ́lé yẹn fúnra rẹ̀ yọ ilé ìwòsàn sílẹ̀!

Mo mọ̀ pé kòrónà ń pààyàn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló ń wọ àpótí yẹn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n lè fún kálukú ní àkókò tirẹ̀, kí wọ́n sì nù ún kí ẹlòmíràn tó wọlé. Oògùn oníhóró bíi methotrexate, tí wọ́n lè fi rọ́pò iná, a máa dín agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kù. Iná kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbogbo ara. Lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn, èwo ló yẹ ká mú?

Ìrìn àjò lọ sí yàrá iná nígboro Èkó ni ìṣòro tòótọ́. Láti Iworo dé Aradagun, ká tó bọ́ sí títì Èkó sí Àgbádárìgì tó ti bàjẹ́, nínú bọ́ọ̀sì tí wọn ò gbà kó kún mọ́ ní 2020 yìí torí kòrónà, owó ọkọ̀ nìkan tó láti mú èèyàn jókòó sílé. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló yẹ kó gbé ẹ̀rọ kan wá sí ọsibítù ìjọba ní Àgbádárìgì. Ní 2009, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Netherlands tẹ àbájáde ìwádìí lórí aláìsàn 196 jáde: ara àwọn tó ń lo iná náà nílé yá bíi ti àwọn tó ń lọ sí ọsibítù. Ohun tó ṣeé lò nínú ilé ẹni kò lè ṣòro jù fún ọsibítù Àgbádárìgì. Títí ẹ̀rọ náà á fi dé, kí àwọn ọsibítù má ti àwọn yàrá iná tó wà nígboro pa, kí wọ́n jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Iworo, oṣù Karùn-ún, 2020