Lẹ́tà Gbangba sí Oníṣábẹ̀ẹ́, Ọba Ṣábẹ̀ẹ́ ní Benin, Lórí Omi Orí Àpáta



Ìgbà ọyẹ́ ni àlejò fẹ́ràn láti gun òkè Ṣábẹ̀ẹ́, torí pé ẹsẹ̀ kì í yọ̀ lórí òkúta gbígbẹ. Wọ́n á ya fọ́tò àwọn òkè tí Faransé fi wé ọmú obìnrin (ojú wọn là sí nǹkan!), wọ́n á sì wọkọ̀ padà sí Kutọnu. Wọn ò tíì rí nǹkan kan.

Oṣù kẹjọ ni kí wọ́n wá. Nígbà náà ni kòtò orí àpáta máa ń kún, tí omi ń sun lábẹ́ koríko, tó ń rọra ṣàn lórí akọ òkúta. Irà ni, orí òkè ló kàn wà. Lórí irú àpáta báyìí káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, koríko kan wà tó máa ń gbẹ bí òkú ní ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò bá sì rọ̀, á tún tutù yọ̀yọ̀. Ewéko kéékèèké mìíràn ń fi irun pupa olóje lílẹ̀ mú kòkòrò jẹ, nítorí ilẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ orí òkúta kò lọ́ràá tó lè bọ́ wọn.

Kábíyèsí, nígbà tí ogun Dàhòmì ń kó wa lẹ́rú, àárín àwọn òkè yìí ni àwọn baba wa sá sí. Ẹni tó bá sì sá sórí àpáta ní láti mumi.

Omi tó ń ṣàn kúrò lórí ilẹ̀ wa ń bá odò Wẹ̀mẹ̀ lọ dé adágún Nokoué, níbi tí ìjọba Benin ti fi irà ìsàlẹ̀ odò sínú ìwé àdéhùn àgbáyé Ramsar lórí irà ní ọdún 2000. Wọ́n dáàbò bo ẹsẹ̀ odò. Ta ni yóò bá wa sọ̀rọ̀ nípa orí?

Mẹ́ẹ̀rì lè kọ òfin, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ lè ka nǹkan léèwọ̀. Ẹ ka fífọ́ òkúta, iná sísun àti aṣọ fífọ̀ léèwọ̀ níbi tí omi ń sun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀dà sàmì sí ọ̀nà kan ṣoṣo, nítorí bàtà àlejò lè ba koríko tó ti pẹ́ níbẹ̀ jẹ́ ní ọjọ́ kan. Kí àwọn ọdẹ wa sì jẹ́ amọ̀nà, kí wọ́n gbowó wọn kí àlejò tó gùn.

Èmi ni,
Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ kan