Ta Ni "Wọ́n" Tó Ní Ká Mu Omi Iyọ̀?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọ̀rá iyọ̀ tó wà nílé ìdáná yín, kí ẹ yẹ ara rẹ̀ wò. Orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é wà níbẹ̀, àdírẹ́sì wọn wà níbẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti nọ́ńbà NAFDAC náà wà níbẹ̀. Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn fi áyódíìnì sí i, èròjà tí kì í jẹ́ kí gẹ̀gẹ̀ yọ síni lọ́rùn. Ìgbà wo lẹ ka gbogbo ìyẹn gbẹ̀yìn? Èmi náà ò kà á rí, àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mò ń wá ohun tí màá kọ.

Ohun tó wá ń yà mí lẹ́nu ni pé àwa tí a kì í ka ara ọ̀rá iyọ̀ yìí, a máa ń ka iṣẹ́ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù wa láti òkè délẹ̀. Kò lórúkọ, kò ní àdírẹ́sì, kò sọ ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ká tó kà á tán, a ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí.

Ẹ rántí oṣù kẹjọ ọdún 2014. Ebola ti wọ Èkó láti ọjọ́ 20, oṣù keje, nígbà tí Patrick Sawyer bá bàálù dé láti Liberia. Àfi bí iṣẹ́ ṣe gba orí fóònù kan lóru ọjọ́ kan: wọ́n ní ká po iyọ̀ mọ́ omi gbígbóná, ká fi wẹ̀, ká sì mu nínú rẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló pè mí láago mẹ́ta òru. Ìyá tó ń ta èlò ọbẹ̀ ládùúgbò wa ò tíì jí tí wọ́n fi ń kanlẹ̀kùn mọ́ ọn lórí, iyọ̀ rẹ̀ sì tán kí wọ́n tó pèrun àsùbáà. Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ ìlera fún yín yìí, mo po tèmi, mo fi wẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò mu ún.

Iyọ̀ ò lè dènà Ebola. Bí ó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ṣe ló máa ń fa omi jáde nínú ẹran ara, títí kan ọpọlọ. Gìrì lè gbé èèyàn, ó sì lè dákú. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kídìnrín tiẹ̀ tún wà nínú ewu jù. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní iyọ̀ tí àgbàlagbà yóò jẹ lóòjọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn ni pé kò tó ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì kan, ti inú magí àti búrẹ́dì sì wà nínú rẹ̀. Lóṣù kẹjọ yẹn, àjọ náà sọ pé ìròyìn tó tẹ àwọn lọ́wọ́ ni pé èèyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu.

Ẹnì kan wà lásìkò yẹn tí a mọ orúkọ rẹ̀. Dókítà Stella Ameyo Adadevoh ni, ní ọsibítù kan ní Obalende. Wọ́n ń fúngun mọ́ ọn pé kó jẹ́ kí Sawyer máa lọ, torí ó ní ìpàdé ní Calabar. Ó kọ̀ jálẹ̀. Àìsàn náà ràn án, ó sì kú lọ́jọ́ 19, oṣù kẹjọ. Èèyàn 20 ni Ebola mú ní Nàìjíríà, 8 ló kú, nígbà tó sì di ọjọ́ 20, oṣù kẹwàá, WHO kéde pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Bí a bá ń wá aṣíwájú, ibi ìdìbò nìkan là ń wò. Obìnrin yìí ò dupò kankan.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tún fi òmíràn ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ àná, pé àlùbọ́sà ń wo ìtọ̀ ṣúgà sàn. Mo ní, "Mà, ta ló kọ ọ́?" Wọ́n ní, "Wọ́n ló fi ránṣẹ́ ni." Mo ní, "Ta ni wọ́n, mà?" Wọn ò tíì dá mi lóhùn títí tí mo fi ń kọ èyí.