Ẹni tí Ìjọba Rán Níṣẹ́

   

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí kan ilé púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa. Iṣẹ́ ìjọba ni ó gbé ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tí ń gbé Kàdúná yìí dé, tàbí kí ó gbé bàbá wa dé. Láti ìgbà tí ọ̀nà rélùwéè Èkó ti so pọ̀ mọ́ ti Kánò ní Minna ni a ti ń rí akọ̀wé àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó fi lẹ́tà kan sápò, tí ó gbé àpótí lé orí, tí ó sì ń béèrè ilé ọmọ Yorùbá.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kan dé ọ̀dọ̀ mi ní ọdún tí ó kọjá. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, Ìbàdàn ni ó ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kí wọ́n tó fún un ní tíránsífà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ọ́fíìsì rẹ̀. Ó sùn ní pálọ̀ mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyàwó mi ń gbé oúnjẹ fún un, kò sì sí ẹni tí ó kà á sí ìnira.

Ní ọjọ́ Àìkú kan ni fóònù mi dún. Ìyàwó arákùnrin náà ni. Ó kí mi dáadáa, lẹ́yìn náà ni ó bú sẹ́kún. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òtítọ́ fún mi. Obìnrin wo ni ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀?” Ẹnìkan ti sọ fún un pé ìjọba máa ń san owó hòtẹ́ẹ̀lì ọjọ́ 28 fún ẹni tí wọ́n bá gbé kúrò níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sílé, owó ilé ìwé àwọn ọmọ sì ti tó san. Ó gbà pé ọkọ òun ń náwó náà ní ibòmíràn.

Ẹ̀yin ará, òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ fún un nípa owó. Ó wà nínú òfin iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ pé òṣìṣẹ́ tí a gbé lọ sí ìlú mìíràn yóò gba owó àjẹmọ́nú ọjọ́ 28 àkọ́kọ́, dípò ilé hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí iṣẹ́ mú sùn sí ẹ̀yìn odi ní owó òru tirẹ̀, tí a ń ka òru kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń pọ̀ sí i bí ipò bá ti ga tó. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 2022 ni wọ́n ti fi kún owó òru yìí. Ẹni tí ó bá fi mọ́tò ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ ìjọba ní owó kìlómítà. Ṣùgbọ́n kí ohun kan wà nínú ìwé yàtọ̀ sí kí ó dé ọwọ́. Nígbà tí arákùnrin wa béèrè, èsì tí ó gbà ni pé kò sí owó nílẹ̀. Ojú tì í láti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ń sùn sórí ìjókòó ilé onílé.

Mo sọ ohun tí ojú mi rí fún obìnrin náà, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò sùn ní òru ọjọ́ náà. Mo rí i pé inú rere wa ní ẹ̀bi tirẹ̀. Nítorí pé a ń fún ọmọ ìyá wa ní ibùsùn, ọ́fíìsì tí ó rán an níṣẹ́ lè gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Àwọn àgbà ní, ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a rán ni sí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ náà ni ó yẹ kí ó fún ni ní owó ọkọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìwọra ni kí a béèrè. Ní oṣù Kẹfà 1945, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti ti ìjọba, tí Michael Imoudu jẹ́ ọ̀kan nínú aṣíwájú wọn, daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, wọ́n ń béèrè àfikún owó àjẹmọ́nú nítorí ọjà tí ogun sọ di ọ̀wọ́n. Ó lé ní oṣù kan kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn bàbá wa kò ka irú owó bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀bùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbẹ́ kejì, nítorí òtítọ́ kì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn kan wà láàrin wa tí wọ́n ń sùn òru méjì tí wọ́n ń kọ márùn-ún. Olè ni ìyẹn. Àwọn mìíràn a máa sáré padà láti Àbújá lóru kí owó lè ṣẹ́kù. Ìkọlù tí wọ́n ṣe sí ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 2022 kò tí ì kúrò lọ́kàn wa. Kìlómítà ni òfin ń kà, kì í ka àyà tí ń já. Ẹ sùn níbi tí iṣẹ́ mú yín dé, kí ẹ máa bọ̀ ní ọ̀sán.

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Ẹ gba ẹ̀dà lẹ́tà tíránsífà yín, kí ẹ sì kọ ìwé béèrè owó náà kí ẹ tó kúrò ní ọ́fíìsì àtijọ́. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Ẹ fi lẹ́tà náà han ìyàwó tàbí ọkọ yín, kí ẹ sọ èyí tí ó dé àti èyí tí kò tí ì dé. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì gba àlejò sílé, ẹ fún un ní omi, ẹ fún un ní oúnjẹ, lẹ́yìn náà kí ẹ bi í pé, “Ǹjẹ́ o ti kọ̀wé?” Bí kò bá mọ bí a ti ń kọ ọ́, kí ó wá sí ìpàdé wa. Àwọn àgbà akọ̀wé tí ó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀ tí yóò bá a kọ ọ́.

Arákùnrin wa ti rí ilé gbà, ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti dé. Owó ọjọ́ 28 náà kò tí ì dé títí mo fi ń kọ ìwé yìí. Lẹ́tà kẹta ni a jọ kọ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Ẹ kí ará ilé fún wa.