Ọjà Kún, Abúlé Ń Ṣófo

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa, mo sì fẹ́ ta kò ó. Wọ́n ní kí ènìyàn máa dín kù, kí arúgbó sì máa pọ̀ ju ọmọdé lọ, ìṣòro àwọn ará Jàpáànù ni, kì í ṣe tiwa. Wọn a nawọ́ sí ọjà Máìlì 12 níbi tí ẹsẹ̀ kì í ti í gbèrò, wọn a ní: “Ṣé ibí yìí ni ènìyàn ti ń tán?”

Òtítọ́ ni pé iye àwọn ará Jàpáànù ti ń dín kù láti nǹkan bí ọdún 2008, àti pé nínú ènìyàn 10 níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3 tí ó ti pé ẹni ọdún 65. Òtítọ́ sì ni pé Nàìjíríà ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n omi tí ó kún inú agbè, inú àmù kan ni a ti bù ú. Ìlú kò ní láti dáwọ́ ọmọ bíbí dúró kí ó tó darúgbó. Bí àwọn ọmọ tí ó bí bá ti lọ tán, ó darúgbó náà nìyẹn.

Ẹ lọ sí àwọn abúlé kòkó ní Oǹdó àti Èkìtì. Àgbàlagbà ni púpọ̀ nínú àwọn tí ń di àdá mú níbẹ̀. Owó kòkó ni a fi kọ́ Ilé Kòkó n'Íbàdàn tí a parí ní 1965. Òun náà ni ó ran ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955 lọ́wọ́. Oko rán ọmọ lọ sí ilé ìwé. Ọmọ kàwé tán, kò padà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti rí i nígbà náà, ni wọ́n fi dá fáàmù sẹ́tímẹ́ǹtì sílẹ̀ láti 1959. Àwa ni a jẹ́ kí iṣẹ́ náà sùn.

Kò tán síbẹ̀. Ní 2022, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn àjèjì tí yóò máa tọ́jú arúgbó wọn. Kí wọ́n tó tì í ní Júláì 2025, àwọn ọmọ wa ti bá a wọlé lọ́pọ̀lọpọ̀. Wọ́n ń wẹ ìyá oníyàá, nígbà tí ìyá tiwọn ń fi ọ̀pá tilẹ̀ lọ sídìí kànga. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Bí ọmọ bá wà ní ìdálẹ̀ ńkọ́?

Ẹnìkan yóò ní ọmọ ń fowó ránṣẹ́. Owó dára, ṣùgbọ́n owó kì í pọn omi, kì í sì í gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù lóru.

N kò ní kí ọ̀dọ́ padà sínú òkùnkùn. Ìjọba ni kí ó kọ́kọ́ gbé iná, ọ̀nà àti ilé ìwòsàn lọ sí oko. Ní 2011, Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í san ₦5,000 lóṣooṣù fún àwọn arúgbó tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí gbogbo ìpínlẹ̀ wa sọ di òfin tí ìyípadà ìjọba kò ní lè pa.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, gbogbo wa ni a mọ àáró àti ọ̀wẹ̀ lórí ìwé. Ṣùgbọ́n apá ọ̀dọ́ ni wọ́n fi ń ṣe wọ́n. Bí a bá bi yín léèrè nínú ìdánwò pé kí ni àáró, ẹ ó dáhùn. Ẹ tún bi ara yín léèrè pé: ní abúlé bàbá mi lónìí, ta ni ó kù tí yóò bá ẹni 70 ọdún dá a?